Páìpù Bíréèkì Lára Ọkọ̀ Àtòjọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń To Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Òkun

Láti Kábbà dé Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń to ọkọ̀ fúnra wọn ń béèrè nípa páìpù bíréèkì. A kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló kẹ́yìn. Ẹni tó kàn fẹ́ pààrọ̀ páìpù ọkọ̀ tòkunbọ̀ rẹ̀ náà á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀ àtòjọ?

Òun ni òyìnbó ń pè ní kit car. Ẹni tó ni ín á ra férémù tàbí ara ọkọ̀ lọ́tọ̀, á yọ ẹ́ńjìnnì, gíà, ẹsẹ̀ àti bíréèkì lára ọkọ̀ mìíràn, á wá to gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde ní 1957 wà lára àwọn tó lókìkí jù. Ní Amẹ́ríkà, Bruce Meyers bẹ̀rẹ̀ Meyers Manx ní 1964, kò sì pẹ́ tí ara fáíbà rẹ̀ fi ń jókòó lórí ṣáásí Volkswagen tí wọ́n gé kúrú.

Ní tiwa, Ìjàpá ni. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó ní 1975, àwọn Ìjàpá tó kù sì ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ọ̀pọ̀ agboolé. Bóòtù ló so ara rẹ̀ mọ́ ṣáásí. Tí ẹ bá tú ara kúrò, ṣáásí, ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà papọ̀, ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wẹ́dà fi fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ló mú kí páìpù bíréèkì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ iléeṣẹ́?

Iléeṣẹ́ ti tẹ páìpù tiwọn kó bá ọkọ̀ mu kí wọ́n tó tà á. Ti ọkọ̀ àtòjọ, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Màsítà (èyí tí pẹ́dáàlì fi ń ti ọ́ìlì) lè jẹ́ ti Golf, kálípà (èyí tó ń fún páàdì mọ́ díìsìkì taya) ti Corolla, dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn (bíréèkì tó rí bí ìlù) ti Ìjàpá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní eyín (ìlà tí nọ́ọ̀tì ń bá wọlé) àti ẹnu tirẹ̀. Oríko páìpù, ibi tí ẹ̀yà ọkọ̀ méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá ti pàdé, ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ wo gan-an ni páìpù náà ń ṣe?

Tí ẹ bá tẹ pẹ́dáàlì, màsítà á ti ọ́ìlì sínú páìpù. Ọ́ìlì kì í sún kì, nítorí náà agbára ẹsẹ̀ yín ló ń dé ọ̀dọ̀ páàdì tààrà. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, agbára inú páìpù lè ju 70 bar lọ. Taya tí ẹ ń gun kiri ò ju bí 2 bar lọ. Ohun tó bá lè jò díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró á tú yàà lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù.

Oríṣi méjì ló wà nínú rẹ̀. Páìpù irin ló ń rìn lára ṣáásí, kì í mì. Họ́ọ̀sì ló ń so ṣáásí mọ́ taya, nítorí taya ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, ti iwájú sì tún ń yí.

Ìgbà wo ni páìpù ti gbó débi pípààrọ̀?

Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin nù ún, pàápàá lẹ́yìn àwọn kílíìpù, ibi tí ẹrẹ̀ ti ń há. Bí ìpẹtà bá kàn wà lójú, tí irin abẹ́ rẹ̀ sì dán, ó ṣì lè ṣe é. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́, tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ibì kan bá ti tẹ̀ pẹlẹbẹ tàbí tí ó ti fi ara ha irin mìíràn títí ó fi tín-ín-rín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó ra tòkunbọ̀ láti Kánádà tàbí àríwá Yúróòpù kó ṣe àyẹ̀wò yìí ní ọjọ́ kìíní. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà lọ́hùn-ún nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ páìpù láti ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ náà á máa dán lókè bí owó tuntun, abẹ́ rẹ̀ á ti jẹrà. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ò ní iyọ̀, àmọ́ ẹrẹ̀ pupa ń gbá mọ́ kílíìpù, ó sì ń gba omi òjò dúró fún ọjọ́ pípẹ́.

Họ́ọ̀sì: ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ́n, kí ẹ wo awọ rẹ̀. Bó bá là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bó bá wú nígbà tí ẹnì kan ń tẹ pẹ́dáàlì, ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

Páìpù wo ni kí n rà?

Èyí tó nípọn 4.75 milimítà, tí í ṣe 3/16 íǹsì, ni ọ̀pọ̀ jù ọkọ̀ kékeré ń lò. Nínú oríṣi tó wà, irin tí wọ́n bo ara rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù, ó lágbára, kò sì wọ́n. Èyí tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì yọ́ pọ̀ rọrùn láti tẹ̀, kì í dípẹtà, ẹnu rẹ̀ sì ń fẹ̀ dáadáa. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí ni mo fara mọ́, bí ẹ bá lè rí i rà. Irin aláìdípẹtà dára lójú, ṣùgbọ́n ó le, ẹnu rẹ̀ sábà máa ń là bí irin iṣẹ́ yín kò bá jẹ́ ojúlówó.

Ẹ má ra páìpù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àlòkù. Ẹ ò mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí.

Ẹni tó ń ṣe fíríìjì ládùúgbò wa ní páìpù bàbà. Ṣé kò lè ṣe é?

Kò lè ṣe é. Bàbà lásán máa ń le sí i bí ọkọ̀ bá ṣe ń gbọ̀n ọ́n, nígbà tó bá yá á là níbi ẹnu tàbí níbi tó ti tẹ̀. Gáàsì fíríìjì kì í ti páìpù bí ọ́ìlì bíréèkì ṣe ń tì í, fíríìjì kì í sì í gba ojú gálọ́pù kọjá. Àwọn kan á sọ pé àwọn ti ń lò ó, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Páìpù yẹn kì í kìlọ̀ kó tó là.

Báwo ni mo ṣe máa mọ gígùn tó yẹ?

Ẹ mú wáyà rírọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gba gbogbo ojú ọ̀nà tí páìpù máa gbà, kí ẹ wá na wáyà náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi díẹ̀ lé e fún ẹnu méjèèjì. Bí ẹ bá gé ṣáásí Ìjàpá kúrú, páìpù gígùn tó lọ sẹ́yìn ti gùn jù nìyẹn: ẹ má ká a jọ sí abẹ́ ìjókòó bí okùn, ẹ ṣe tuntun.

Ibo ni kí páìpù gbà lára ṣáásí?

Ibi tí òkúta, kùkùté àti jáàkì ò lè kàn. Ọkọ̀ tí wọ́n tò fún eré máa ń sún mọ́lẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà erùpẹ̀ Bùnú àti àwọn ọ̀nà oko wa ní òkìtì láàárín. Bí páìpù bá jẹ́ ohun tó relẹ̀ jù lára ọkọ̀, òun ni òkìtì máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ gbé e gba inú férémù tàbí ẹ̀gbẹ́ irin ńlá, kí irin yẹn máa gbà á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà, nítorí ooru ń mú ọ́ìlì hó. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ṣáfútì tó ń yí, okùn kọ̀lọ́ọ̀ṣì, àti ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ti ń rìn. Níbi tó bá ti máa gba ihò irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí ẹnu ihò náà. Irin tó ń gbọ̀n lójoojúmọ́ á rẹ́ páìpù kọjá bí ayùn.

Ní nǹkan bí gbogbo 30 sẹ̀ntímítà, ẹ fi kílíìpù onírọ́bà dè é mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀kan sún mọ́ ibi tí páìpù irin ti pàdé họ́ọ̀sì. Wáyà bíńdín àti okùn ike kọ́ ni kílíìpù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ àtòjọ máa ń la àyẹ̀wò IVA kọjá kó tó gba nọ́ńbà, ìdè páìpù sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ ṣe é bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá wo tiyín náà.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ẹ má ṣe jẹ́ kí páìpù gòkè gọngọ níbì kan kó tún sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń jókòó sí orí òkè bẹ́ẹ̀, kò sì ní jáde.

Mo gbọ́ pé oríṣi méjì ni ẹnu páìpù. Báwo ni mo ṣe máa mọ tèmi?

Ìbéèrè tó ń fa owó dànù jù lọ nìyí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Oríṣi kìíní rí roboto lórí, bí orí ìṣó tí wọ́n fi òòlù lù, òun ni wọ́n ń pè ní bubble flare. Volkswagen àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù ló ń lò ó. Oríṣi kejì là sí ìta bí ẹnu àrọ, wọ́n sì ṣẹ́ etí rẹ̀ padà sínú kó lè nípọn ní ìlọ́po méjì. Òun ni double flare. Toyota, Honda àti àwọn ọkọ̀ Japan yòókù, àti ti Amẹ́ríkà àtijọ́, ló ń lò ó.

Ẹ má wo ẹnu páìpù àtijọ́ nìkan, ẹnì kan lè ti ṣe é ní àṣìṣe ṣáájú yín. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò kálípà tàbí màsítà. Bí nǹkan ṣóńṣó bá yọrí sókè láàárín ìsàlẹ̀ ihò náà, ẹnu àrọ ló ń retí. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jin wọlé, tí kò sí ohun tó yọrí, ẹnu roboto ló ń retí.

Ẹnu roboto tí wọ́n fi tipátipá fún mọ́ ṣóńṣó lè má jò lọ́jọ́ tí ẹ dè é. Ó ti bà jẹ́ nínú, ó kàn ń dúró de ọjọ́ tí ẹ máa tẹ bíréèkì tagbáratagbára ni.

Páìpù kan lè ní ẹnu roboto ní òpin kan, kó ní ẹnu àrọ ní òpin kejì. Lára ọkọ̀ tó ní màsítà Golf àti kálípà Corolla, bó ṣe máa rí gan-an nìyẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Nọ́ọ̀tì wọlé, àmọ́ ó ń mì. Ṣé kí n fún un ni?

Ẹ dúró. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti po eyín méjì pọ̀. M10 × 1 ni nọ́ọ̀tì páìpù 4.75 milimítà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan àti Yúróòpù: ó fẹ̀ ní milimítà 10, eyín kan sí èkejì sì jẹ́ milimítà kan. Ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bí àwọn Land Rover ìgbà yẹn, jẹ́ 3/8 íǹsì UNF, èyí tó jẹ́ nǹkan bí milimítà 9.5, eyín 24 nínú íǹsì kan.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó. Nọ́ọ̀tì 3/8 á wọ ihò M10, á máa mì, bí ẹ bá sì fún un á dà bíi pé ó ti dì. Eyín díẹ̀ péré ló dì mú. Nígbà tí agbára bá dé, ó lè yọ kúrò pátápátá. Nọ́ọ̀tì M10 kò ní wọ ihò 3/8 ju eyín kan tàbí méjì lọ, ẹni tó bá fi sípánà gùn ún á sì ba màsítà jẹ́.

Ọwọ́ lásán ni kí nọ́ọ̀tì fi wọlé dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí sípánà tó kàn án. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Báwo ni mo ṣe ń fẹ ẹnu páìpù láìbà á jẹ́?

Ẹ fi irin agépáìpù gé e, kí ẹ má fi ayùn gé e. Ayùn ń fi èérún irin sínú, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gún. Ẹ ha etí rẹ̀ nínú àti níta títí á fi dán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ọ̀tì sí i kí ẹ tó fẹ ẹnu rẹ̀. Kò sí mẹkáníìkì tí ọ̀rọ̀ yìí ò tí ì ṣẹlẹ̀ sí: ẹnu fẹ̀, ó dára, nọ́ọ̀tì ṣì wà lórí tábìlì.

Ẹ dè é mọ́ irin tí wọ́n fi ń fẹ ẹnu páìpù (flaring tool) kó le dáadáa, kí ó yọrí jáde níwọ̀n tí irin iṣẹ́ náà sọ, kí ẹ kán ọ́ìlì bíréèkì díẹ̀ sí orí rẹ̀, kí ẹ rọra máa yí i. Tí ẹ bá tú u, ẹ wò ó lójú oòrùn. Bó bá dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìlà bá wà lára rẹ̀ tó là, ẹ gé e kúrò kí ẹ tún un ṣe. Ìdí tí a fi ní kí ẹ fi díẹ̀ lé gígùn rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ ṣe mélòó kan lórí àjákù páìpù kí ẹ tó bọ́ sórí ojúlówó.

Irin tí wọ́n fi ń tẹ páìpù ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Orúnkún ń jẹ́ kó pẹlẹbẹ níbi tó ti tẹ̀. Nígbà tó bá parí, ẹ fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀, kí ẹ sì dí ẹnu méjèèjì títí ẹ fi máa dè é. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń wọ ibi gbogbo.

Ṣé kí n we tẹ́ẹ̀pù funfun mọ́ eyín rẹ̀ kó má baà jò?

Rárá. Kì í ṣe eyín ló ń dí i, ẹnu páìpù tó fún mọ́ ìsàlẹ̀ ihò ló ń dí i, irin sí irin. Tẹ́ẹ̀pù ò ní dí nǹkan kan, èérún rẹ̀ sì lè wọ inú màsítà. Bákan náà ni gọ́ọ̀mù. Bó bá ń jò lẹ́yìn tí ẹ fún un, ẹnu rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ẹ lo sípánà tí wọ́n ṣe fún nọ́ọ̀tì páìpù, tó gba ìgun rẹ̀ mú yíká àyàfi ibi tí páìpù gbà wọlé. Fún M10, nǹkan bí 15 Nm (ìwọ̀n agbára tí ẹ fi ń yí sípánà) ló tó. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ń fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé wẹ́dà lè jó páìpù tó lu?

Kò gbọ́dọ̀ jó o, kò sì gbọ́dọ̀ fi lẹ́ẹ̀dì dí i. Ẹ má fi rọ́bà àti kílíìpù họ́ọ̀sì so ó pọ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ìwọ̀nba ibì kan ló bàjẹ́, ẹ lè gé e, kí ẹ fẹ ẹnu méjèèjì, kí ẹ fi ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún bíréèkì so ó. Ní tèmi, bí páìpù bá ti lu níbì kan nítorí ìpẹtà, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń yọ. Ibi kejì tó máa lu ń bọ̀ lẹ́yìn.

Páìpù kan bẹ́ lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì sì ṣẹ́ ẹ pa kí n lè délé. Ṣé mo lè máa lò ó bẹ́ẹ̀?

Ó mú yín délé, kó parí síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akérò ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù gbọọrọ. Bí taya iwájú kan bá ń di mú tí èkejì ò di mú, ọkọ̀ á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Lórí ọ̀nà kọnkéré tó so Ọbàjánà mọ́ Kábbà, tírélà símẹ́ǹtì ló sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ yín máa fà sí.

Lára ọkọ̀ àtòjọ ó tún burú sí i, nítorí ọkọ̀ náà fúyẹ́, ó sì tètè ń yí ìdí.

Họ́ọ̀sì rọ́bà ni àbí èyí tí wọ́n hun irin bò?

Èyí tí wọ́n hun irin bò kì í wú, pẹ́dáàlì á sì le lábẹ́ ẹsẹ̀. Rọ́bà tuntun tó jẹ́ ojúlówó náà tó fún lílò ojoojúmọ́, ó sì rọrùn láti yẹ̀ wò, nítorí ara rẹ̀ hàn sí ìta. Èyí tí irin bò lè máa gbó nínú láìhàn, irin ara rẹ̀ sì lè ha ohun tó bá kàn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ yí títíárìn dé òpin ní apá ọ̀tún àti apá òsì, kí ẹ sì fi jáàkì gbé ọkọ̀ títí taya á fi rọ̀ kalẹ̀ pátápátá. Họ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ le bí okùn tí wọ́n fà, kò gbọ́dọ̀ kan taya, kò sì gbọ́dọ̀ lọ́. Bó bá jẹ́ bóòtù oníhò ló dè é mọ́ kálípà, wọ́ṣà bàbà tuntun méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ọ́ìlì bíréèkì wo ni kí n rọ sí i?

DOT 4 fún ọ̀pọ̀ jù. DOT 3 ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní 205°C nígbà tó bá wà ní tuntun, DOT 4 ní 230°C. Bí omi bá ti wọ̀ wọ́n, DOT 3 lè hó ní 140°C, DOT 4 ní 155°C. Wọ́n máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ má lo èyí tó ti wà ní ṣíṣí láti òjò èṣí, kí ẹ sì máa yí ti inú ọkọ̀ padà ní bí ọdún méjì méjì. Ọ́ìlì tó hó ń di afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí pẹ́dáàlì fi ń wọlẹ̀ lójijì fún ẹni tó ń tẹ bíréèkì láìdáwọ́dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 lè pàdé. DOT 5 jẹ́ sílíkónì, kò gbọ́dọ̀ pàdé wọn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì páwà, kẹrosíìnì àti dísù ń mú kí rọ́bà inú màsítà wú. Bí ẹnì kan bá ti ṣi ọ̀kan nínú wọn rọ sí i, fífọ̀ nìkan ò tó, gbogbo rọ́bà ibẹ̀ ni ẹ máa pààrọ̀, họ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ọ́ìlì bíréèkì tó bá kán sí ọ̀dà ọkọ̀ máa ń bó o, ẹ tètè da omi sí i.

Báwo ni a ṣe ń bílíìdì rẹ̀?

Bílíìdì ni lílé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ọ́ìlì bíréèkì. Ẹni méjì ló rọrùn fún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù sí màsítà. Lára ọkọ̀ tiwa tí títíárìn wà lápá òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún ló sábà máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara bọ nípù (ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde lẹ́bàá taya), kí òpin rẹ̀ wà nínú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan á rọra tẹ pẹ́dáàlì, á dì í mú, ẹnì kejì á ṣí nípù, á tì í, lẹ́yìn náà ni ẹni àkọ́kọ́ máa gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ máa ṣe é títí afẹ́fẹ́ ò fi ní jáde mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ike ọ́ìlì gbẹ. Bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má da ọ́ìlì tó jáde padà sínú rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí taya dì pa nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì) lè nílò kọ̀ǹpútà láti ṣí àwọn ẹnu ọ̀nà inú rẹ̀. Ọkọ̀ àtòjọ púpọ̀ ò ní ABS, ìrọ̀rùn kan nìyẹn.

A ti bílíìdì títí, pẹ́dáàlì ṣì ń rọ̀. Kí ló fà á?

Ẹ wo kálípà kí ẹ tó wo ohunkóhun. Àwọn tó ń to ọkọ̀ máa ń ṣi ti òsì dè sí ọ̀tún. Yóò wọlé, yóò dì, ṣùgbọ́n nípù á wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì wà lókè tí kò lè jáde. Nípù gbọ́dọ̀ wà lókè. Ẹ pààrọ̀ wọn síra, ọ̀rọ̀ náà tán.

Bó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn, ẹ fún láínì rẹ̀ (ohun tó ń há mọ́ dúrọ́ọ̀mù láti inú) jáde títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dúrọ́ọ̀mù. Láínì tó jìnnà ń jẹ́ kí pẹ́dáàlì rìn jìnnà, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹ tún wo irin tí màsítà dè mọ́: bí irin férémù bá tín-ín-rín, á máa tẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń tẹ pẹ́dáàlì, ẹ sì lè fi ojú rí i.

Bí pẹ́dáàlì bá dúró, tó wá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín láìsí ibi tó ń jò, rọ́bà inú màsítà ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá.

Taya kan kì í tú sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá tẹ bíréèkì. Kálípà ni?

Ó lè jẹ́ kálípà. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ ṣí nípù rẹ̀ nígbà tó bá dì. Bí ọ́ìlì bá fọ́n jáde tí taya sì tú, agbára ló há sínú họ́ọ̀sì: inú rẹ̀ ti wó, ẹsẹ̀ lè ti ọ́ìlì kọjá, ọ́ìlì ò lè padà. Họ́ọ̀sì ò wọ́n tó kálípà.

Bó bá jẹ́ gbogbo taya ló ń dì bí ọkọ̀ bá ti gbóná, ẹ wo irin tó so pẹ́dáàlì mọ́ màsítà. Ó yẹ kí ààyè kékeré wà níbẹ̀. Lára ọkọ̀ àtòjọ, irin yìí sábà máa ń gùn jù nítorí pẹ́dáàlì ò bá màsítà wá láti ilé kan náà.

Màsítà mi wà lábẹ́ pẹ́dáàlì, ó relẹ̀ ju kálípà lọ. Ṣé ó ní ewu?

Ọ́ìlì lè máa ṣàn padà láti kálípà wá sí màsítà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ á wá jinlẹ̀, ìkejì á dára. Fáàfù kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sí ojú páìpù tó máa ń dá agbára díẹ̀ dúró: 2 psi fún kálípà, 10 psi fún dúrọ́ọ̀mù. Ẹ má fi ti dúrọ́ọ̀mù sí kálípà, páàdì á máa jó. Bí màsítà yín bá jẹ́ ti ọkọ̀ onídúrọ́ọ̀mù àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá irú fáàfù bẹ́ẹ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Taya ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ dì, ìdí ọkọ̀ sì ń yọ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Èyí ló léwu jù nínú gbogbo ohun tó wà lójú ewé yìí. Iwájú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì. Bíréèkì tí ẹ yọ wá ti mọ ìwọ̀n ọkọ̀ tó ti wá: bó bá jẹ́ láti ara ọkọ̀ tó ru ìjókòó ẹ̀yìn, búùtù àti èrò, ó ti lágbára jù fún ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò ru nǹkan kan. Fáàfù tó ń dín agbára kù wà tí wọ́n ń fi sí ojú páìpù ẹ̀yìn nìkan, tí ẹ lè fi ọwọ́ yí títí iwájú á fi ṣáájú. Ẹ má fi sí ojú páìpù iwájú láéláé.

Ìjàpá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn yàtọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo, ó sì lè gba bíréèkì púpọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ má da ètò ọkọ̀ ẹlòmíràn kọ, àfi bí ẹ́ńjìnnì yín bá wà níbi kan náà.

Báwo ni mo ṣe máa dán an wò kí n tó gbé e jáde?

Kí ọkọ̀ dúró. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ gbogbo oríko páìpù, kí ẹnì kan tẹ pẹ́dáàlì tagbáratagbára fún ìṣẹ́jú kan, kó tún un ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ní sáfò (ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì). Kí ẹlòmíràn máa fi tọ́ọ̀ṣì wo oríko kọ̀ọ̀kan, kó sì fi pépà gbígbẹ nù ún. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wo páálí.

Pápá pẹrẹsẹ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wà á, pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi eré kún un díẹ̀díẹ̀, kí bíréèkì ọwọ́ sì ti ń ṣiṣẹ́ ṣáájú. Òkè tó yí Kábbà ká kọ́ ni ibi ìdánwò. Tí ẹ bá ti wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo gbogbo kílíìpù àti oríko. Èyí tó bá tutù, ẹ tú u wò. Ẹ má kàn fún un sí i kí ẹ sì lọ.